Àká fún Àkọsílẹ̀ Ojú Ọ̀run

Bí a bá sọ fún ènìyàn pé àwọn onímọ̀ kan fẹ́ ya àwòrán ojú ọ̀run tí ó hàn láti apá gúúsù ayé, tí wọn yóò sì máa yà á léraléra fún ọdún 10, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni irú awò tí wọn yóò fi wò ó. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kì í tètè síni lọ́kàn, tí ó sì le jù ú lọ: nígbà tí a bá ya àwòrán náà tán, níbo ni a ó kó o sí, ta ni yóò sì lè dé ibẹ̀ láti lò ó? Ìdáhùn tí a bá fún ìbéèrè kejì yìí ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ náà yóò wúlò fún ayé púpọ̀ tàbí fún kìkì àwọn tí ó wà nítòsí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó gbé ìbéèrè yìí jáde gbangba ní àkókò yìí ni ti ilé ìwòràwọ̀ tí a fi orúkọ Vera C. Rubin pè, tí ó wà lórí òkè Cerro Pachón ní orílẹ̀-èdè Ṣílè. Ọmọ Amẹ́ríkà ni obìnrin náà. A bí i ní ọdún 1928, ó sì kú ní ọdún 2016. Ìwádìí rẹ̀ lórí bí àwọn ìràwọ̀ ṣe ń yí po nínú ìṣùpọ̀ wọn wà lára ohun tí ó mú kí àwọn onímọ̀ gbà pé ohun kan wà ní ojú ọ̀run tí ó wúwo púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ojú kò lè rí. Dígí ńlá tí ó wà nínú awò awọ̀nàjíjìn ilé náà fẹ̀ tó mítà 8.4. Kámẹ́rà rẹ̀, tí a kọ́ ní ilé ìwádìí SLAC ní California, ń fi ẹyọ àmì kéékèèké tí ó tó mílíọ̀nù 3,200 to àwòrán kan ṣoṣo pọ̀. Ìwọ̀n ojú ọ̀run tí ó ń yà lẹ́ẹ̀kan ju ibi tí òṣùpá àrànmọ́jú 40 lè gbà lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025 ni a kọ́kọ́ fi àwọn àwòrán rẹ̀ han aráyé.

Kí a lè mọ bí ẹrù yìí ti wúwo tó, ó yẹ kí a mọ ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Báìtì ni kọ̀ǹpútà fi ń ka àkọsílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí alágbàtà ti ń fi kóńgò wọn gààrí. Tẹ́rábáìtì kan jẹ́ báìtì bílíọ̀nù 1,000. Pẹ́tábáìtì kan sì jẹ́ tẹ́rábáìtì 1,000. A ṣírò rẹ̀ pé ilé ìwòràwọ̀ Rubin yóò máa kó nǹkan bí tẹ́rábáìtì 20 jọ ní òru kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọdún 10 bá pé, tí a bá ka àwọn àwòrán náà pọ̀ mọ́ gbogbo ohun tí a ti inú wọn ṣe jáde, àpapọ̀ rẹ̀ yóò tó nǹkan bí pẹ́tábáìtì 500. Ìwé àkójọ kan yóò wà nínú rẹ̀ tí a retí pé yóò sọ nípa ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ bí i bílíọ̀nù 20 àti ìràwọ̀ bí i bílíọ̀nù 17: ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, àwọ̀ rẹ̀, bí ó ti ń mọ́lẹ̀ tó, àti bí ìmọ́lẹ̀ náà ti ń yí padà láti ọdún dé ọdún.

Ká ní onímọ̀ kan wá fẹ́ kó ẹrù òru kan ṣoṣo wá sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì lè gbé báìtì mílíọ̀nù 125 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Okùn tí ó yára ni èyí. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni kò ní irú rẹ̀. Síbẹ̀, wákàtí 44 ni tẹ́rábáìtì 20 yóò gbà kí ó tó wọlé tán. Kí ti òru kìíní tó parí, ti òru kejì ti dé ẹnu ọ̀nà, onítọ̀hún kò sì ní í lè bá a mọ́ láé. Bí ó bá ní òun yóò kó gbogbo pẹ́tábáìtì 500, iṣẹ́ náà yóò gbà ju ọdún 126 lọ. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní í sí láyé mọ́ nígbà tí àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ bá parí rẹ̀.

Nítorí èyí ni ìlànà àtijọ́ fi yí padà. Tẹ́lẹ̀ rí, onímọ̀ a máa gbé àwòrán rẹ̀ kúrò ní ilé ìwòràwọ̀ lọ sí ilé, lórí àwo dígí tàbí lórí téèpù. Nísinsìnyí, òun ni ó ń tọ àkọsílẹ̀ lọ. Yóò jókòó sí ibi tí ó wà, yóò fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ńlá tí àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀; ibẹ̀ ni a ó ti ṣe ìṣirò náà, èsì nìkan ni yóò sì padà wá bá a. Kò sí ẹni tí ó lè gbé odò wálé: etí odò ni a ti ń fọ aṣọ, aṣọ mímọ́ ni a sì ń gbé padà.

Ọ̀nà méjì ni ohun tí ilé ìwòràwọ̀ Rubin bá rí ń gbà jáde. Ọ̀nà kìíní ni ti ìkéde kánkán. A ó fi àwòrán tuntun wé ti àtijọ́. Bí ohunkóhun bá ti yí padà, ì báà ṣe ìràwọ̀ tí ó bú gbàmù tàbí àpáta tí ń yí oòrùn ká, ètò wọn ni pé kí ìkéde rẹ̀ jáde láàrin ìṣẹ́jú kan. Iye irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lè tó mílíọ̀nù mélòó kan ní òru kan. Nítorí pé odò yìí fẹ̀ jù fún ẹnikẹ́ni láti là kọjá, alárinà méje ni a yàn láti gba gbogbo rẹ̀, kí wọn ṣà á, kí wọn sì ṣí i sílẹ̀ fún aráyé. Ìkéde wọ̀nyí kò ní ìdènà fún ọmọ ilẹ̀ kankan.

Ọ̀nà kejì ni ti àkójọ kíkún, tí a ó máa gbé jáde láti ìgbà dé ìgbà. Èyí ní ààlà. Fún ọdún 2 lẹ́yìn tí àkójọ kan bá jáde, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà àti ti Ṣílè, àti àwọn ará ilẹ̀ mìíràn tí orílẹ̀-èdè tàbí ẹgbẹ́ wọn ti dá nǹkan sí iṣẹ́ náà, ni ó ní ẹ̀tọ́ láti lò ó. Ohun tí a ń dá náà kì í ṣe owó dandan: ẹlòmíràn fi awò awọ̀nàjíjìn tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìlò, ẹlòmíràn ṣe ètò kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn sì kọ́ àká fún àkọsílẹ̀.

Irú àká bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ibùdó àkọsílẹ̀ adádúró. A pè é ní adádúró nítorí pé ilé ìwòràwọ̀ náà kọ́ ni ó kọ́ ọ, kì í sì í ṣe òun ni ó ń bọ́ ọ. Ilẹ̀ tí ó fẹ́ ẹ ni yóò ra kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí yóò san owó iná, tí yóò sì gba àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Oríṣi méjì ni ó wà. Ibùdó kíkún yóò gba ẹ̀dà àwọn àwòrán àti ìwé àkójọ. Ibùdó fífúyẹ́ yóò gba ìwọ̀nba apá ìwé àkójọ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ nílò. Àdéhùn tí ó de méjèèjì kò yàtọ̀: wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ wọlé kí ọdún 2 tó pé, wọn sì gbọ́dọ̀ pa ẹ̀dà náà mọ́ bí wọ́n ti gbà á. Edinburgh ni iṣẹ́ ibùdó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fìdí sí. Ti Bùràsíìlì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ LIneA ní Rio de Janeiro. Fífúyẹ́ ni a sì pète rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà láti ṣe iṣẹ́ kan tí gbogbo àwọn yòókù yóò jẹ nínú rẹ̀, èyíinì ni fífi àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan díwọ̀n bí ó ti jìnnà sí wa tó.

Àǹfààní pípín àká káàkiri báyìí hàn kedere. Bí iná bá jó àká kan, ọkà kò tán nílùú. Bí èrò bá pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà kan, ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀. Ibùdó kan tún lè so àkọsílẹ̀ Rubin pọ̀ mọ́ ti àwọn awò mìíràn tí ó ti ní lọ́wọ́. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ náà yóò kọ́ bí a ti ń bójú tó ẹrù ńlá, ìmọ̀ tí yóò wúlò fún ilé ìwòsàn, fún oko àti fún ìjọba pẹ̀lú.

Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn jẹ́rìí sí i. Sátẹ́láìtì Gaia, tí ẹgbẹ́ àwọn ará Yúróòpù fún ìwádìí òfuurufú gbé sókè ní oṣù kejìlá ọdún 2013, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nígbà tí àkójọ rẹ̀ kejì jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí ìràwọ̀ inú rẹ̀ ju bílíọ̀nù 1.6 lọ, àká ńlá tí ó wà nítòsí Madrid nìkan kọ́ ni a ti ń rí i. Ibùdó mìíràn ní Faransé, Jámánì àti Ítálì ní ẹ̀dà tiwọn. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn àwòrán ìwádìí Sloan láti New Mexico ti di ohun tí a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti ọdún 2001. Ní ọdún 2007, olùkọ́ ilé ìwé kan ní ilẹ̀ Netherlands, Hanny van Arkel, ń wo àwọn àwòrán náà nínú ilé rẹ̀ nígbà tí ó rí ìkùukùu gáàsì títàn kan tí kò sí onímọ̀ tí ó ti fiyè sí i rí. Kò ní awò awọ̀nàjíjìn kankan. Ilẹ̀kùn tí a ṣí sílẹ̀ ni ó gbà wọlé.

Níhìn-ín ni ọ̀ràn náà ti kan ilẹ̀ Áfríkà. Lẹ́yìn ọdún 2, a lè pín àkójọ Rubin fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n iye àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ ni a fi wọn kọ̀ǹpútà ilé ìwòràwọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí a fún ní ọkà tí kò ní àká, tí kò sì sí alábàágbé tí yóò bá a tọ́jú rẹ̀, ẹnu lásán ni ó fi gba ẹ̀bùn. Iṣẹ́ SKA, tí à ń kọ́ awò rẹ̀ sí Gúúsù Áfríkà àti Ọsirélíà, yóò tún mú ọ̀ràn náà le sí i, nítorí pé àwọn ibùdó tí ó wà káàkiri ayé ni yóò máa gba ẹrù rẹ̀, nǹkan bí pẹ́tábáìtì 700 lọ́dọọdún. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ mìíràn ní Áfríkà ni ó bá Gúúsù Áfríkà dòwò pọ̀ nínú rẹ̀: Botswana, Ghana, Kenya, Madagascar, Mauritius, Mozambique, Namibia àti Zambia. Nàìjíríà kò sí lára wọn.

Àpẹẹrẹ Rio de Janeiro fi hàn pé kò di ìgbà tí ilẹ̀ kan bá ní agbára láti kó gbogbo ẹrù kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè mú ìwọ̀n tí apá rẹ̀ ká, kí ó sì fi iṣẹ́ kan tí ó mọ̀ ọ́n ṣe san án padà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìkéde òròòru àti àkójọ Gaia ṣí sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣí sílẹ̀ fún ti Edinburgh. Inú wọn ni ọwọ́ àwọn tí yóò ṣọ́ àká lọ́la ti lè kọ́kọ́ mọ iṣẹ́. Ohun tí ó kù, tí kò sì sí ilẹ̀ òkèèrè tí ó lè fi ránṣẹ́ síni, ni iná tí kì í kú àti owó oṣù tí yóò mú kí ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà dúró nídìí rẹ̀.