Sikútà Paris, ọ̀kadà Ìpàtà: ìdí tí àṣíborí kì í fi í ṣe ọ̀ṣọ́

Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 2023, àwọn ará Paris dìbò lórí sikútà oníbátìrì tí wọ́n ń yá gùn nígboro. Nínú àwọn tó jáde dìbò, bí 90 nínú 100 ló ní àwọn ò fẹ́ ẹ mọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìjàǹbá wà lára ohun tó mú wọn kọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá ń lọ ra ata tàbí ẹran ní Ọjà Ìpàtà, n'Ílọrin, ọ̀kadà, Màrúwá tàbí kòròpé ni yóò wọ̀. Síbẹ̀, ohun tí àwọn dókítà rí lára àwọn tí sikútà gbé ṣubú kan ọlọ́kadà tó ń wá ọ̀nà gbà láàárín èrò ọjà.

Kí ni wọ́n rí?

Ní ọdún 2019, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Network Open gbé ìwádìí kan jáde láti ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì méjì ní gúúsù California. Láàárín ọdún kan, èèyàn 249 ni sikútà ṣe léṣe. 100 fi orí ṣèṣe, eegun àwọn 79 ṣẹ́. Nínú gbogbo àwọn tó gùn ún, mẹ́wàá péré ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó dé àṣíborí. Àwọn 21 kan ò tilẹ̀ gun sikútà: ó kọ lu àwọn kan, àwọn mìíràn kọsẹ̀ lára èyí tí wọ́n gbé sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Báwo ló ṣe ń ṣeni léṣe?

Táyà sikútà kéré. Bó bá kó sí kòtò, táyà á dúró, ara ẹni tó gùn ún á ṣì máa lọ. Ọwọ́ lèèyàn máa kọ́kọ́ nà sílẹ̀, ni ọrùn ọwọ́ bá ṣẹ́. Bí ọwọ́ ò bá gbà á dúró, ojú àti orí ló kàn. Táyà ọ̀kadà tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ọ̀kadà wúwo, ó sì ń sáré. Ẹsẹ̀ ló sábà máa ń há sáàárín ọ̀kadà àti mọ́tò, eegun ojúgun sì lè yọ síta.

Eré ló ń sọ ọgbẹ́ di ńlá. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí a fi ń balẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí Jámánì fi ní kí sikútà má sá ju 20 kìlómítà ní wákàtí kan lọ.

Kí ni àṣíborí ń ṣe?

Fóòmù inú rẹ̀ máa ń fọ́ kí agbárí má baà fọ́. Àkójọ ìwádìí fi hàn pé ó ń dín ikú ọlọ́kadà kù ní 42 nínú 100, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní 69. Nígbà tí FRSC, àjọ ààbò ojú pópó Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú àwọn ọlọ́kadà dé e ní January 2009, igbá àti ike ọ̀dà ni àwọn kan dé. Àwọn èrò ẹ̀yìn ń bẹ̀rù pé wọ́n lè ti fi oògùn sínú àṣíborí àjọdé. Igbá ò ní fóòmù. Àṣíborí tí a ò sì de okùn rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n á ti fò lọ kí orí tó kanlẹ̀.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Ẹ pe FRSC sórí 122. Ẹ má fa ẹni tó ṣèṣe dìde, ẹ má yí ọrùn rẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Ẹni tó fi orí gbálẹ̀ lè dìde kó ní kò séwu, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sáàárín agbárí àti ọpọlọ. Bó bá ń bì, tó ń tòògbé, tàbí tí orí fífọ́ ń le sí i, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tí wọ́n bá sì di eegun fún, bí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù tàbí tó kú tipiri, kí wọ́n tú u kíákíá: ìdè tó fún jù ti mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ọ̀kadà oníbátìrì ti ń ná títì ní Benin àti Togo. Kì í pariwo, nítorí náà ẹni tó ń kọjá ní ọjà lè má gbọ́ bó ṣe ń bọ̀. Bó bá dé Ìpàtà, owó epo lè dín kù, àmọ́ kọ́ńkéré ò ní torí ẹ̀ rọ̀.