Òkè, Àpáta àti Igi Lórí Pèpéle: Bí A Ṣe Ń Ṣẹ̀dá Àyíká fún Rélùwéè Kékeré inú Ọgbà

Rélùwéè àwòṣe ni a lè pe ọkọ̀ ojú irin kéékèèké tí àwọn èèyàn fara balẹ̀ ṣe ní àfijọ ọkọ̀ ojú irin gidi, tí gbogbo ara rẹ̀, láti ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé fèrèsé rẹ̀, sì kéré ní ìwọ̀n kan náà sí èyí tí wọ́n wò ṣe é. Inú ilé, lórí tábìlì, ni ọ̀pọ̀ ń tò ó sí, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí wọ́n gbé tiwọn jáde sínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí òjò ti ń pa á tí oòrùn sì ń pa á gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pa rélùwéè gidi. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́: ní ọdún 1929 ni Roland Callingham ṣí Bekonscot, ìlú kékeré tó kọ́ sínú ọgbà rẹ̀ ní Beaconsfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn òǹwòran, ọkọ̀ ojú irin sì ń gba àárín ìlú náà kọjá títí di òní. Ohun tó wá sọ ọ́ di nǹkan tí onílé lásán lè rà ni ètò tí ilé iṣẹ́ Lehmann ti ìlú Nuremberg ní Jámánì gbé jáde ní 1968 lábẹ́ orúkọ LGB, nítorí pé idẹ ni wọ́n fi ṣe ojú irin rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì le débi pé òjò kò tètè bà á jẹ́.

Mìlímítà 45 ni àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì nínú ètò yìí, òṣùwọ̀n rẹ̀ sì ni 1:22.5, ìyẹn ni pé ohun tó gùn ní mítà 22 àtààbọ̀ lójú ayé yóò di mítà 1 nínú ọgbà. Wọn kò ṣàdédé mú iye yìí, nítorí pé ojú irin tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ mítà 1, irú èyí tó wọ́pọ̀ ní àwọn ilẹ̀ olókè Yúróòpù, ni wọ́n ń fara wé, bí a bá sì pín mítà 1 sí ọ̀nà 22 àtààbọ̀, yóò ku díẹ̀ kó pé mìlímítà 45. Irú ojú irin bẹ́ẹ̀ náà ló wà láàárín Kútọnu àti Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin, èyí tó gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá. Ojú irin àtijọ́ tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn sì fi díẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ, nítorí pé mìlímítà 1,067 ni tirẹ̀.

Àwọn kan ń tò ó sórí ilẹ̀ gan-an, àwọn mìíràn sì ń gbé e ga sórí òpó tàbí pèpéle dé ibi ìbàdí, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75 sí 90. Ìdí tí wọ́n fi ń gbé e ga kò fara sin. Ẹ́ńjìnnì tó ń fi oru omi ṣiṣẹ́ ní tòótọ́ nílò kí a bu omi àti òróró sí i kí a sì tan iná sí abẹ́ ìkòkò omi rẹ̀, iṣẹ́ tí kò rọrùn fún ẹni tó kúnlẹ̀ sínú koríko tútù. Àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń dùn àti ẹni tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ lè ṣe gbogbo rẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ ọgbà bá sì dagun, gígùn àti kíkúrú àwọn òpó ni yóò mú ojú irin dọ́gba, níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré kò ti fẹ́ràn òkè tó bá ga ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ nínú mítà 1. Ṣùgbọ́n ohun kan ń bá àǹfààní wọ̀nyí rìn. Ojú irin tó wà nílẹ̀ ti ní ilẹ̀, ó ti ní koríko, ó ti ní òkúta. Èyí tó wà lórí òpó kò ní nǹkan kan bí kò ṣe pákó tóóró, bí a bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní yàtọ̀ sí afárá tí kò lópin.

Lójú ayé, ilẹ̀ ló kọ́kọ́ wà. Òkè ti wà níbẹ̀, odò ti ń ṣàn, kí àwọn ẹnjiníà tó dé pẹ̀lú okùn ìwọ̀n, àwọn ni wọ́n sì ń wá ibi tí ilẹ̀ yóò ti gbà fún wọn. Wọ́n ń yí òkè po, wọ́n ń gé àpáta tí kò ṣe é yí po, wọ́n ń fi afárá sọdá àfonífojì. Lórí pèpéle, òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀: òpó àti pákó ló ń ṣáájú, ojú irin tẹ̀ lé wọn, ilẹ̀ ló ń dé kẹ́yìn. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí kò ju kí a fi ìtòtẹ̀lé yìí pamọ́ lọ, kí ẹni tó bá ń wò ó lè gbà pé òkè ló mú kí ojú irin yà, kó má baà hàn pé ojú irin ti yà tán kí ẹnì kan tó wá òkè dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí kọ́nà kankan wà láìnídìí. Àpáta, adágún omi tàbí igi ńlá kan gbọ́dọ̀ dúró sí inú rẹ̀ tí yóò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ibòmíràn tí a lè gbà.

Ìwúwo ni ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti ṣírò. Bí erùpẹ̀ bá jìn ní sẹ̀ǹtímítà 15 lórí ibi tó fẹ̀ ní mítà 1 níbùú àti lóròó, ó lè tó kílò 250 nígbà tí òjò bá rin ín, pákó lásán kò sì lè rù ú fún ọdún púpọ̀. Èyí ló fà á tí àwọn kan fi ń mọ ògiri búlọ́ọ̀kù yípo, tí wọ́n ń kó àfọ́kù òkúta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó da erùpẹ̀ lé e, tí wọ́n sì ń dá ihò sí ẹsẹ̀ ògiri náà kí omi lè máa rí ọ̀nà jáde. Àwọn mìíràn ń ri òpó igi mọ́ kankéré nínú ilẹ̀, wọ́n ń kan pákó lé e, wọ́n sì ń fi aṣọ òrùlé tí a ti fi ọ̀dà rin bo pákó náà kí ó má baà jẹrà. Èyí tó dára jù ni àdàlù méjèèjì, kí ògiri wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì níbi tí ojú irin ti ń yí po, tí àyè sì wà fún igi àti òkè, kí pákó tóóró tó so wọ́n pọ̀ sì di afárá gidi tó ní igi ìdábùú àti òpó tó dúró déédéé, nítorí pé ohun tí a kò lè fi pamọ́ ni ó yẹ kí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Àpáta ló ń tètè tú àṣírí iṣẹ́ tí kò dára. Òkúta gidi wúwo jù fún orí pákó, nítorí náà fóòmù líle, irú èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé ilẹ̀ òtútù ń fi sára ògiri, ni wọ́n sábà máa ń gé, tí wọ́n ń tò ní ìpele-ìpele, tí wọ́n sì ń fi àwọ̀n onírin irú ti ilé adìyẹ bò kí wọ́n tó fi sìmẹ́ńtì àti yanrìn tí a pò kó ki rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ńtì náà kì í ṣe ohun tí a ń gbẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ń fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, títí yóò fi di pé èékánná lè fa ìlà sára rẹ̀ ṣùgbọ́n tí àtàǹpàkò kò lè rì sínú rẹ̀, ìgbà yìí sì ni wọ́n ń fi ọ̀bẹ àtijọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì líle fa ìlà àti ojú sísán sára rẹ̀. Àwọn ìlà yìí gbọ́dọ̀ dagun sí ìhà kan náà níbi gbogbo. Bí ìlà ara àpáta tó wà lápá òsì ojú irin bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí apá ìwọ̀ oòrùn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti apá ọ̀tún gbọ́dọ̀ ṣe, nítorí pé àpáta kan ṣoṣo ni wọ́n kí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó là á sí méjì. Ẹni tó bá gbàgbé èyí yóò ní òkìtì sìmẹ́ńtì méjì, kò ní ní òkè kan. Ọ̀dà tí a fi omi là dáadáa ni a ń dà sí i láti òkè, kí dúdú rẹ̀ lè wọ inú àwọn ojú sísán náà, kí ibi tó yọ síta sì wà ní fífẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn tó fẹ́ kí ewéko hù lára àpáta wọn ń lo hypertufa, ìyẹn àdàlù sìmẹ́ńtì, yanrìn àti nǹkan bíi èèpo àgbọn tí a lọ̀. Ó fúyẹ́ ju kankéré lọ, ó sì ń mu omi, débi pé gbòǹgbò kéékèèké lè dì í mú.

Ní ti ewéko, ewé ló ń darí ohun gbogbo. Ewé tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 5 lára igi kékeré yóò dà bí ewé tó gùn ju mítà 1 lọ ní òṣùwọ̀n 1:22.5, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe pe irú rẹ̀ ní igi inú igbó Jámánì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá irúgbìn aràrá, èyí tí ara rẹ̀ àti ewé rẹ̀ jọ kéré. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Picea glauca tí wọ́n fún ní orúkọ 'Conica', igi ṣóńṣó tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́ kúkúrú, tí kì í sì í sábà ga ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ lọ́dún. Ọdún 1904 ni àwọn onímọ̀ ewéko méjì láti Arnold Arboretum ní Amẹ́ríkà, J. G. Jack àti Alfred Rehder, rí i ní agbègbè Alberta ní Kánádà, ìtàn rẹ̀ sì sọ pé ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ń dúró dè nígbà tí wọ́n rí i. Ó tọ́ kí irú igi bẹ́ẹ̀ máa gbé ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó, ẹ̀ka rẹ̀ bò ó láti orí dé ilẹ̀, kò sì jọ igi àgbà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kúrò títí ìtì rẹ̀ yóò fi hàn, wọ́n sì ń yọ díẹ̀ nínú ti àárín kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Fún koríko, Thymus serpyllum àti Sagina subulata ń rà mọ́lẹ̀, ewé wọn kò ju mìlímítà díẹ̀ lọ, wọ́n sì fara mọ́ erùpẹ̀ tí kò jìn bí òkúta wẹ́wẹ́ bá pọ̀ nínú rẹ̀. Soleirolia soleirolii náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bẹ̀rù rẹ̀, nítorí pé ó lè gba gbogbo pèpéle kan kí ó sì wọ abẹ́ irin lọ.

Gíga tí a gbé ojú irin ga tún yí bí ojú ṣe ń rí i padà, àwọn tó ń kọ́ ọ kì í sì í sábà ṣírò èyí ṣáájú. Bí ojú ẹni tó dúró bá wà ní mítà 1.6, tí ojú irin sì wà nílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wo rélùwéè gidi láti òkè tó ga ní mítà 36 ni, òrùlé nìkan ni yóò sì máa rí. Bí a bá gbé ojú irin náà dé sẹ̀ǹtímítà 95, ojú rẹ̀ kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 65 lọ sí i, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 15 ní òṣùwọ̀n. Bí ó bá sì jókòó, yóò sún mọ́ ilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ìtì igi àti ògiri ilé ló ń rí, ó sì ń rí ohun tó wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú: fẹ́ǹsì aládùúgbò, okùn tí a sá aṣọ sí, ike ìdalẹ̀nù. Igi aràrá tí a gbìn sẹ́yìn, tàbí fẹ́ǹsì tí a kùn ní àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn, lè bo púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó sì dára kí òkè tàbí igbó kékeré máa gbé ọkọ̀ náà pamọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọkọ̀ tí a rí ní gbogbo ìgbà kò lọ ibì kankan, èyí tó pòórá tó sì tún yọ níbòmíràn ti rin ìrìn àjò. Níbi tí ó bá ti gba inú òkè kọjá, ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè wọlé láti ẹ̀yìn, torí pé abẹ́ òkè náà ni ọkọ̀ máa ń yà kúrò lójú irin tí kò sẹ́ni tó lè rí i.

Ilé kò ṣòro tó àpáta. Ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2 yóò jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 89, èèyàn tó ga ní mítà 1.75 yóò sì jẹ́ mìlímítà 78, bí a bá sì ti mọ méjèèjì yìí, ìyókù yóò wá fúnra rẹ̀. Láti 1992 ni New York Botanical Garden ti ń ṣe àfihàn ọkọ̀ ojú irin lásìkò Kérésìmesì, níbi tí Paul Busse, oníṣẹ́ ọnà ọgbà, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti fi èèpo igi, èso gbígbẹ àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kọ́ àwọn ilé olókìkí ìlú New York ní kékeré. Inú ilé onígíláàsì ni àfihàn yẹn wà, bí irú ohun bẹ́ẹ̀ bá sì wà níta, òjò ọdún kan ti tó láti bà á jẹ́. Àwọn tó wà níta ń lo sìmẹ́ńtì, òkúta àti ike tí oòrùn kì í tètè mú ṣá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni ẹsẹ̀ ilé: bí a bá gbé ilé lé orí ilẹ̀ lásán, ìlà òkùnkùn kan yóò hàn lábẹ́ ògiri rẹ̀, ojú yóò sì ti mọ̀ pé gbígbé ni wọ́n gbé e wá. Gbígbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ kí ògiri lè wọlé, àti fífi òkúta wẹ́wẹ́ dí etí rẹ̀, ni oògùn rẹ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ náà ni a ń dà sí àárín àwọn igi ìdábùú tí irin dùbúlẹ̀ lé, kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ pinpin, nítorí pé idẹ ń gùn nínú ooru. Ojú irin onídẹ tó gùn ní mítà 10 yóò fi mìlímítà 7 àtààbọ̀ gùn sí i bí ooru rẹ̀ bá fi ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ sókè. Bí sìmẹ́ńtì àpáta bá sì há a mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, yóò tẹ̀ tàbí kí ó la sìmẹ́ńtì náà. Bákan náà, a kì í mọ àpáta sún mọ́ irin kí a tó ti ọkọ̀ tó gùn jù kọjá ní gbogbo kọ́nà, níwọ̀n bí àárín ọkọ̀ gígùn ti ń yọ sínú kọ́nà tí orí àti ìdí rẹ̀ sì ń yọ síta. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ tó kù jẹ́ ti ọgbà ju ti rélùwéè lọ: ewé gbígbẹ ní ìgbà tí igi ń wọ́wé, ìgbín lójú irin ní òwúrọ̀, àti àlùmọ́gàjí tí a gbọ́dọ̀ máa mú lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ kí ọkọ̀ rìn, kí Thymus má baà na ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì.