Omi dúdú ẹ̀yìnkùlé ni tarpon ti ń dàgbà

Ọ̀rọ̀ ẹja ńlá kan la mú wá lónìí, pàápàá fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ní Monrovia tàbí tẹ́ ẹ ń ná ọjà ẹja níbẹ̀. Tarpon lorúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹja tó ń dán bíi fàdákà, tí ìpẹ́ rẹ̀ kan fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, tí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, tí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí okùn sì ń wọ́ lẹ́yìn lẹbẹ orí ẹ̀yìn rẹ̀, òun nìyẹn.

Ó wà ní etíkun wa láti Senegal títí dé Angola, ó sì wà ní òdìkejì òkun, ní Florida àti Mexico. Àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja fún ìgbádùn máa ń wọ bàálù nítorí rẹ̀, torí pé bí ìwọ̀ bá ti mú un, fífò ló ń fò jáde nínú omi. Àwọn tó tóbi jù tí ìwọ̀ tíì mú, tọ́dọ̀ wa ni. Èyí tó wà nínú àkọsílẹ̀ àgbáyé wọn 130 kìlógíráàmù, ní Rubane, Guinea-Bissau, ní oṣù kẹta ọdún 2003. Ṣáájú ìyẹn, wọ́n mú ọ̀kan tó lé ní 128 ní erékùṣù Sherbro, Sierra Leone, ní oṣù kẹrin ọdún 1991. Láti Sherbro sí Monrovia kò ju nǹkan bíi 250 kìlómítà lọ. Ẹ sì wo oṣù méjèèjì yẹn: ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni, kí òjò ńlá tó dé.

Ṣùgbọ́n ibi tí ẹja yìí ti ń dàgbà ló kàn yín jù. Abo ńlá kan lè gbé ẹyin tó lé ní mílíọ̀nù 10, inú agbami ló sì ń yé e sí. Ọmọ tó bá pa kì í jọ ẹja rárá. Ó pẹlẹbẹ bí ewé koríko, ó sì mọ́ gaara bí ọ̀rá. Omi òkun á máa gbé e bọ̀ fún bí oṣù kan. Bó bá dé etí ilẹ̀, yóò kọ́kọ́ sún kì, yóò kéré sí i, kó tó di ẹja gidi. Ẹ̀dá tó ń kéré kó tó dàgbà kò wọ́pọ̀.

Ibi tó ń wá lẹ́yìn náà ni inú igi mangrove, àwọn igi tó ń na gbòǹgbò sínú ẹrọ̀fọ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. Omi tó bá dúdú, tí kò ṣàn, tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ibẹ̀ gan-an ló fẹ́. Àwọn ẹja ńlá tí ì bá jẹ ẹ́ kò lè mí nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Ọmọ tarpon lè mí ní tirẹ̀, torí pé àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí ẹ̀dọ̀fóró. Á yọ ẹnu sókè, á gbé afẹ́fẹ́ mì, á tún rì. Tanwíjí, edé wẹ́wẹ́ àti ọmọ ẹja mìíràn ló ń jẹ. Omi tí ẹ ń pè ní ìdọ̀tí yẹn, ilé ọmọ rẹ̀ ni.

Ó lè tó ọdún 10 kí abo tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin. Wọ́n gbé ọ̀kan wá sí ilé ẹja kan ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1935. Ọdún 1998 ló kú. Nítorí náà, èyí tó gùn tó ènìyàn lè jù yín lọ lọ́jọ́ orí.

Ní Monrovia, mangrove wà lẹ́bàá odò Mesurado àti Stockton Creek, tó so Mesurado pọ̀ mọ́ odò St. Paul. Ní ọdún 2006 ni wọ́n fi ilẹ̀ olómi Mesurado sínú àwọn ibi tí àdéhùn Ramsar ń dáàbò bò. Síbẹ̀ wọ́n ń gé igi náà fi dáná, wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ àti pàǹtírí sí i láti kọ́lé. Mi ò ní dá ẹ̀yin ìyá tó ń yan ẹja lẹ́bi: igi náà wà nítòsí, iná rẹ̀ sì ń pẹ́. Àmọ́ ààrò Chorkor, tó gba orúkọ àdúgbò apẹja kan ní Accra, kì í jẹ igi tó ààrò àgbá, ẹja tó sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan pọ̀ jù ú lọ. Bírísílà mọ bulọ́ọ̀kù tàbí amọ̀ lè mọ ọ́n fún yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ la ọ̀nà kọjá lórí àbàtà, ẹ ri páìpù ńlá sábẹ́ rẹ̀. Bí omi òkun kò bá rí ọ̀nà wọlé mọ́, ọmọ ẹja náà kò ní rí ọ̀nà wọlé, kódà bí gbogbo igi bá wà níbẹ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ ìwọ̀. Ẹnu odò, nígbà tí omi bá ń fà padà sókun, ni kí ẹ dúró sí, torí pé ibẹ̀ ni omi ń kó ẹja kéékèèké gbà jáde. Ṣáwá tútù tàbí mullet tó ṣì wà láàyè dára fún ìjẹ. Ẹnu tarpon le bí ọ̀pọ́n, ìwọ̀ kì í tètè wọlé. Ẹ lo ìwọ̀ tí orí rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí òrùka: kì í sábà dé ikùn, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló ń mú. Ẹ má fà á tipátipá. Ẹ kàn jẹ́ kí okùn le díẹ̀díẹ̀. Bó bá fò, ẹ tẹ ọ̀pá ìwọ̀ síwájú kí okùn lè dẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò já. Okùn gbọ́dọ̀ nípọn, nítorí pé ẹnu rẹ̀ rí bíi sáńdípépà, àti pé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń mú kí ìjà náà pẹ́. Ẹja tó bá ti rẹ̀ tẹnutẹnu kì í lè sá fún ẹja ekurá.

Ẹran rẹ̀ kún fún egungun, lójú tèmi kò tó ohun tí èèyàn ń pa àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ fún. Àlejò tó fẹ́ fi ìwọ̀ mú un kó sì tú u sílẹ̀ lè san owó ọkọ̀ fún yín, ẹja náà á sì wà níbẹ̀ de àlejò mìíràn. Ní Florida, òfin ní kí èyí tó bá gùn ju 40 ínǹṣì lọ má kúrò nínú omi rárá. Ó bọ́gbọ́n mu, torí pé bí wọ́n bá gbé e kọ́, ìwúwo ara rẹ̀ lè ṣe inú rẹ̀ léṣe. Ẹ jẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ fi ẹ̀mú yọ ìwọ̀, ẹ má ti ọwọ́ bọ ibi pupa tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ẹ di àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí ẹ kọ orí rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Bó bá ti fi ìrù gbá omi fúnra rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.