Owó Báńkì àti Èéfín Ilé Iṣẹ́

Ní Bargny, ìlú àwọn apẹja kan létí òkun ní orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, tí kò jìnnà sí Dakar, ó ti tó ọ̀pọ̀ ọdún tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ wọlé, tí ó sì ń wó ilé onílé. Nítorí èyí ni a ṣe pín ilẹ̀ mìíràn fún àwọn tí omi lé kúrò, kí wọ́n lè tún ilé kọ́ síbẹ̀. Nítòsí ibẹ̀ ni pápá Khelcom wà, níbi tí àwọn obìnrin tí ó tó ẹgbẹ̀rún ti ń yan ẹja, tí wọ́n ń sá a sí oòrùn, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn oníṣòwò. Àdúgbò yìí gan-an, láàárín ilé tí a kò tí ì kọ́ àti ẹja tí ń gbẹ lọ́wọ́, ni a gbé ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kan kalẹ̀ sí, èyí tí ń jó èédú tí a wà láti inú ilẹ̀. Sendou ni orúkọ rẹ̀.

Owó báńkì ni a fi kọ́ ọ. Ní ọdún 2009 ni Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà gbà láti yá iṣẹ́ náà lówó. Báńkì ìdàgbàsókè ti orílẹ̀-èdè Netherlands, tí à ń pè ní FMO, àti Báńkì Ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára àwọn tí ó dá sí i. Agbára iná tí wọ́n ń retí níbẹ̀ jẹ́ 125 mẹ́gáwáàtì. Kò ṣòro láti rí ìdí rẹ̀: Sẹ̀nẹ̀gà ń wá iná, epo tí ó ń rà láti òkè òkun sì wọ́n. Ẹni tí ó wà lókùnkùn kì í sábà bèèrè irú epo tí ó wà nínú àtùpà.

Ó yẹ kí olùgbọ́ mọ ohun tí ó fara pamọ́ sínú irú owó yíyá bẹ́ẹ̀. Èéfín tí ń jáde láti inú ilé báńkì fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan. Mọ́tò àwọn ọ̀gá ni, àti jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé. Èyí tí ó pọ̀ ni èyí tí ń jáde lọ́dọ̀ àwọn tí ó yá lówó. Ilé iṣẹ́ èédú a máa lò tó ọgbọ̀n ọdún kí ó tó gbó. Níwọ̀n ìgbà tí gbèsè bá sì wà lọ́rùn rẹ̀, kò lè ṣe kí ó má jó èédú, nítorí pé láti inú iná tí ó bá tà ni yóò ti rí owó san padà. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ọ̀gá báńkì bá fọwọ́ sí ìwé, èéfín ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fọwọ́ sí. Èéfín yìí ni ó ń mú ayé gbóná, tí ó sì wà lára ohun tí ń mú kí omi òkun ga sí i.

Nígbà kan rí, ìbéèrè méjì ni báńkì ń bi ẹni tí ó fẹ́ yáwó: kí ni ìdógò rẹ, báwo ni ìwọ yóò sì ṣe san án? Ní ọdún 2003, báńkì mẹ́wàá fi ìbéèrè kẹta kún un nínú àdéhùn tí wọ́n pè ní Equator Principles: ta ni iṣẹ́ náà yóò pa lára? Ọ̀pọ̀ báńkì mìíràn ti wọ inú àdéhùn náà láti ìgbà náà wá, a sì rí ti Nàìjíríà láàárín wọn. Ohun tí ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe fún ilẹ̀ àti fún àwọn ará àdúgbò ni a ó kọ sínú ìwé gbèsè. Ilé iṣẹ́ tí kò náání ìjọba a máa náání ẹni tí ó jẹ ní gbèsè.

Ìdí nìyí tí àwọn ará Bargny fi gbé ẹ̀sùn wọn tọ àwọn báńkì lọ ní ọdún 2016. Àwọn olùwádìí rí i pé a kò tẹ̀lé àwọn ìlànà kan tí àwọn báńkì fúnra wọn fi lélẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ti jáde nígbà náà. Ilé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí tan iná ní 2018. Ní 2019 ó dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 kan náà ni Ọ̀mọ̀wé Akinwumi Adésínà, ọmọ Nàìjíríà tí ó jẹ́ ààrẹ Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà nígbà náà, kéde ní New York pé báńkì náà ń yọ ọwọ́ kúrò nínú èédú. Ìkéde rere ni, ṣùgbọ́n ó fi ọdún mẹ́wàá pẹ́ fún Bargny.

Ìlérí lásán kò tó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹrin 2021, báńkì mẹ́tàlélógójì káàkiri ayé dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn yóò dín èéfín tí owó wọn ń fà kù. Láàárín ìparí 2024 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àwọn báńkì ńláńlá Amẹ́ríkà jáde kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2025, ẹgbẹ́ náà tú ká.

Ní Nàìjíríà, Báńkì Àpapọ̀ àti àwọn báńkì yòókù fi ìlànà mẹ́sàn-án lélẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2012. Ní oṣù Kejìlá 2017, ìjọba àpapọ̀ yá 10.69 bílíọ̀nù náírà, ní èlé 13.48 nínú ọgọ́rùn-ún, fún iṣẹ́ tí kò ba ojú ọjọ́ jẹ́ nìkan, bí iná sólà fún yunifásítì àti igi gbígbìn. Kò sí ìjọba orílẹ̀-èdè kan ní Áfíríkà tí ó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú.

Síbẹ̀, èlé ni ìdènà tí ó tóbi jù. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé tí ó fi ń darí ọjà dé 27.50 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn báńkì a sì máa gba jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ oníṣòwò. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹni tí ó ní yàrá òtútù ẹja, tí ó fẹ́ yá 10 mílíọ̀nù náírà láti ra sólà. Bí èlé rẹ̀ kò tilẹ̀ ju 27.50 lọ, ní ọdún kìíní, yóò san 2,750,000 náírà lórí èlé nìkan. Oòrùn kò gba owó, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a fi ń mú un ni a ní láti rà lẹ́ẹ̀kan náà. Owó kékeré ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ jẹnẹrétọ̀. Epo rẹ̀ ni a ń rà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bí owó ọjà bá ti ń wọlé. Nítorí náà, bí èlé bá ti ń ga, ohun tí kò ní èéfín ni ó ń wọ́n jù. Oníyàrá òtútù yóò sì ra jẹnẹrétọ̀, kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ràn èéfín.

Ní oṣù Kejìlá 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là láti mú iná sólà dé ọ̀dọ̀ ènìyàn 17.5 mílíọ̀nù ní Nàìjíríà. A óò fi í ran àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ta sólà lọ́wọ́ nínú owó tí wọ́n ń ná. Èyí tí ó bá kù, àwọn ilé iṣẹ́ náà ni yóò wá a, ó sì di dandan kí púpọ̀ nínú wọn kan ilẹ̀kùn báńkì kan náà tí oníyàrá òtútù ti kúrò.