Wàhálà Iṣẹ́ àti Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé oúnjẹ nìkan ló ń sọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ di púpọ̀. Lóòótọ́ ni oúnjẹ ń dá kún un, ṣùgbọ́n wàhálà iṣẹ́ náà ní ipa tirẹ̀.

Kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù ni à ń pe ọ̀rá yìí. Ẹ̀dọ̀ ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara sì nílò rẹ̀. Oríṣi rẹ̀ tí à ń pè ní LDL máa ń lẹ̀ mọ́ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ bí ó bá pọ̀ jù. HDL ní tirẹ̀ ń kó o padà sínú ẹ̀dọ̀. Bí iṣan bá fún, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, tàbí kí rọpárọsẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún 1958, Meyer Friedman, Ray Rosenman àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn oníṣirò owó. Bí ọjọ́ tí gbèdéke owó orí yóò pé ti ń súnmọ́, kọlẹ́sítẹ́rọ̀ọ̀lù wọn ń lọ sókè, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń tètè dì. Nígbà tí iṣẹ́ rọlẹ̀, ó wálẹ̀. Oúnjẹ àti eré ìdárayá wọn kò yí padà tó láti fa èyí. Ní 1959, Grundy àti Griffin rí irú rẹ̀ lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní àkókò ìdánwò.

Kí ló fà á? Nígbà ìpayà, ara a máa tú ọ̀rá tó ti fi pamọ́ jáde, kí ènìyàn lè rí agbára fi jà tàbí fi sá. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó jókòó ti tábìlì kò jà, kò sì sá. Ọ̀rá náà wá di ẹrù fún ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀.

Ìrìn ń ṣèrànwọ́. Ní 1953, Jerry Morris fi hàn ní Lọ́ńdọ̀nù pé àìsàn ọkàn pọ̀ lára àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń jókòó ju ti àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì alájà méjì lọ.

Ọ̀rá yìí kì í dun ni, kì í yún ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń tú u fó. Nítorí náà, kí ẹni tí iṣẹ́ ń fún lọ́rùn má ṣe tìtorí pé òun kò sanra sọ pé òun ti bọ́. Ìlera loògùn ọrọ̀.