Bí A Ṣe Ń Dá Irù Mọ̀ Nínú Fọ́tò

Ẹ̀yìn irù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yà. Kò yani lẹ́nu: bí eṣinṣin ńlá tí ń mu ẹ̀jẹ̀ màlúù, ẹṣin àti èèyàn yìí bá bà lé nǹkan, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọjú sí wa. Àmọ́ orí rẹ̀ ni ẹ̀rí tó ṣe pàtàkì jù wà. Bí ẹnì kan bá fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ sí onímọ̀ kòkòrò, tí ọ̀kan fi ẹ̀yìn hàn kedere, tí èkejì sì fi iwájú orí hàn bó tilẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, èyí tó fi orí hàn ni yóò kọ́kọ́ tẹjú mọ́.

Ẹ̀yà irù tí àwọn onímọ̀ ti sọ lórúkọ káàkiri ayé lé ní 4,000. Agbo-ilé kan ni gbogbo wọn, Tabanidae lorúkọ rẹ̀. Agbo-ilé náà pín sí ìdílé, ìdílé sì pín sí ẹ̀yà. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ìdílé mẹ́ta ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀: Tabanus, Haematopota àti Chrysops. Fọ́tò tó dára máa ń tó láti mọ ìdílé. Ẹ̀yà ni iṣẹ́ wà.

Ṣé irù ni?

Tsetse, eṣinṣin tí ń gbé àrùn oorun kiri, ni wọ́n máa ń ṣì mú fún irù. Bí tsetse bá sinmi, ó máa ń gbé ìyẹ́ kan gorí èkejì pátápátá, ẹnu tó fi ń fa ẹ̀jẹ̀ a sì nà síwájú. Irù kì í ká ìyẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo ìwo orí: ti eṣinṣin ilé kúrú, irun kan sì hù lára rẹ̀; ti irù nà síwájú, kò sí irun bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ṣóńṣó ìyẹ́. Lára irù, iṣan kan wà níbẹ̀ tó là sí méjì, ẹ̀ka kan gba òkè ṣóńṣó náà, èkejì gba ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ìyẹ́ ló ń sọ ìdílé

Chrysops kéré, ọ̀já dúdú fífẹ̀ kan sì dábùú ìyẹ́ rẹ̀. Ìyẹ́ Haematopota rí bí eérú, àmì funfun wínníwínní kún inú rẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀ ẹ́ bo ara bí òrùlé. Tabanus ló sábà máa ń sanra jù nínú àwọn mẹ́ta náà. Ìyẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ gaara tàbí kó ní àwọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n á sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ.

Ìwo orí máa ń jẹ́rìí sí i. Ti Chrysops gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ti Tabanus fẹ̀ nísàlẹ̀ ìpín kẹta rẹ̀, ohun kan bí eyín sì yọ sókè níbẹ̀. Bí fọ́tò bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn hàn láti ẹ̀gbẹ́, ẹ wá ẹ̀gún kéékèèké méjì ní òpin ojúgun: Chrysops ní in, Tabanus àti Haematopota kò ní.

Ohun tí orí ń sọ

Bí ojú méjèèjì bá pàdé lókè orí, akọ ni. Bí àlàfo bá là wọ́n láàárín, abo ni. Abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, torí ẹyin tó fẹ́ yé. Omi òdòdó ni akọ ń mu. Nítorí náà, èyí tí ẹ bá yà níbi tó ti ń mu ẹ̀jẹ̀ lára màlúù, abo ni.

Lára ọ̀pọ̀ abo Tabanus, ibì kan ń dán nínú àlàfo náà, tí irun àti eruku tó bo ìyókù orí kò dé. Bí ibẹ̀ ṣe rí ni àwọn onímọ̀ fi ń ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn: ṣé ó gùn ni, ṣé igun mẹ́rin ló ní, ṣé ìlà kan so ó mọ́ òkè, àbí ó dá dúró? Ẹ̀yìn méjì lè jọra pátápátá kó jẹ́ pé ibẹ̀ ló yàtọ̀.

Àwọ̀ ojú náà ń sọ̀rọ̀. Ojú Haematopota ní ìlà wíwọ́, ti Chrysops ní tóótòòtó, ti Tabanus lè ní ọ̀já gbọọrọ tàbí kó máà ní nǹkan kan. Bí irù bá ti kú tó sì gbẹ, àwọ̀ yìí a ṣá. Fọ́tò irù tó wà láàyè ló ń pa á mọ́, ìyẹn sì jẹ́ àǹfààní tí òkú irù inú àpótí onímọ̀ kò lè fún wa.

Ìdí tí orúkọ fi ṣe pàtàkì

Nínú igbó kìjikìji Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Áfíríkà, títí kan gúúsù Nàìjíríà, Chrysops silacea àti Chrysops dimidiata ló ń gbé aràn Loa loa wọ ara èèyàn, aràn tí wọ́n máa ń rí nígbà tó bá ń wọ́ kọjá lójú ẹni. Ikùn silacea ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, àmì dúdú tó wà lára ikùn náà sì kúrú. Àmì ti dimidiata fẹ̀, ó sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èéfín igi máa ń fa silacea wá bá èèyàn.

Ivermectin, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Mectizan, ni wọ́n ń pín láti gbógun ti àrùn ìfọ́jú ẹ̀bá odò. Àmọ́ bí ọmọ aràn Loa loa bá pọ̀ rẹpẹtẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó lò ó, ó lè ṣe ọpọlọ rẹ̀ ní jàǹbá. Ìdí nìyí tí àwọn elétò ìlera fi gbọ́dọ̀ mọ ibi tí aràn yìí wà kí wọ́n tó pín oògùn náà, mímọ ibi tí irù tó ń gbé e wà sì jẹ́ ara iṣẹ́ yẹn.

Ibi tí agbára fọ́tò pin sí

Àwọn kan rọrùn. Tabanus atratus ti Amẹ́ríkà dúdú látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Yúróòpù, Tabanus bovinus àti Tabanus sudeticus jọra débi pé fọ́tò ẹ̀yìn nìkan kò tó láti yà wọ́n. Nígbà tí onímọ̀ kòkòrò Harold Oldroyd kọ ìwé ńlá mẹ́ta lórí irù Áfíríkà láàárín 1952 sí 1957, irù gidi tí wọ́n kó jọ ló gbé yẹ̀ wò. Áàpù orí fóònù tó ń dá kòkòrò mọ̀ náà ní ààlà: ẹ̀yà tí wọ́n bá ti fi hàn án nìkan ló lè dárúkọ.

Bí ẹ ṣe máa yà á

Ẹ ya mẹ́rin ó kéré tán: láti òkè, láti iwájú orí, láti ẹ̀gbẹ́, àti ìyẹ́ ní títẹ́. Ẹ fi rúlà tàbí igi ìṣáná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a lè mọ bó ṣe tóbi tó. Bí kò bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ fi sínú ike, kí ẹ gbé e sí fíríìjì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Òtútù á jẹ́ kó rọ̀. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i, ọjọ́ náà, àti ohun tó bà lé.

Bí gbogbo ìyẹn kò bá tó láti mọ ẹ̀yà, ẹ kọ orúkọ ìdílé, bí "Tabanus", kí ẹ dúró níbẹ̀. Ìdáhùn tó pé ni. Orúkọ ẹ̀yà tí a méfò lè mú kí ẹlòmíì gbà pé irù kan wà níbi tí kò sí, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé tó tọ̀nà, pẹ̀lú fọ́tò orí tó hàn, ṣì máa wúlò fún onímọ̀ tó bá tún un wò lọ́dún mẹ́wàá sí i.