Àwọn Tó Ń Kó Lésà Sínú Àpótí Kékeré

Ní ọdún 2010, nígbà tí Dókítà Paul Orhii jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ NAFDAC tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ TruScan kiri ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Ẹ̀rọ àfọwọ́gbé ni. Òṣìṣẹ́ NAFDAC á gbé ẹnu rẹ̀ ti hóró oògùn, á tẹ bọ́tìnnì, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sára oògùn náà, ẹ̀rọ á sì ka èyí tó ta padà. Kò pẹ́ kò jìnnà, á sọ bóyá ohun tó wà nínú hóró yẹn bá ti ojúlówó mu tàbí ayédèrú ni. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde sí ìgboro láti fi gbógun ti ayédèrú oògùn. Gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún, orí lésà kékeré kan ló dúró lé, àwọn tó ṣe lésà náà kò sì lórúkọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ la fẹ́ ṣàlàyé. Wọ́n jẹ́ onímọ̀ físíìsì àti onímọ̀ ẹ̀rọ tí ń ṣe lésà aláìlómi, aláìlátẹ́gùn, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tinú kírísítálì, òwú gíláàsì tàbí dáyóòdù (ẹ̀rọ tín-ńtín tó ń sọ iná mànàmáná di ìmọ́lẹ̀ tààrà) jáde. Ilé-iṣẹ́ wọn kì í sábà tóbi. Oníbàárà wọn pín sí ọ̀nà méjì gbòógì: àwọn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ yẹ nǹkan wò láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní spectroscopy, àti àwọn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ kọ nọ́ńbà, ọjọ́ àti àmì sára irin, ike àti páálí nílé iṣẹ́ ńláńlá.

Lésà tó kọ́kọ́ tàn láyé kò tóbi. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1960, Theodore Maiman, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí Hughes ní Malibu, ìpínlẹ̀ California, mú ọ̀pá òkúta ruby kékeré kan, ó fi gílóòbù fíláàṣì onílílọ́, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń lò, yí i ká, ìmọ́lẹ̀ pupa sì jáde. Gbogbo ẹ̀rọ náà gba àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó wá ya fọ́tò rẹ̀ fún àwọn oníròyìn wò ó pé ó ti kéré jù, ó sì ya òmíràn tó tóbi jù ú lọ. Èyí tó tóbi yẹn ni aráyé rí nínú ìwé ìròyìn.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ kí lésà máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ ló di ràgàjì. Ní 1964, àwọn onímọ̀ Bell Labs ní Amẹ́ríkà gbé lésà Nd:YAG jáde: kírísítálì YAG tí wọ́n ti po èròjà neodymium díẹ̀ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní nánómítà 1064 (nánómítà ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), ojú èèyàn kò sì lè rí i. Lámpù ni wọ́n fi ń ta á jí. Lámpù ń tú oríṣiríṣi àwọ̀ jáde, neodymium sì ń mú ìwọ̀nba èyí tó bá a lára mu. Ìyókù di ooru. Nínú iná mànàmáná tó wọlé, ìdá díẹ̀ péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń jáde bíi lésà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní láti fi páìpù omi, pọ́ǹpù àti ẹ̀rọ amómitutù tì í lẹ́yìn, tí kírísítálì tí kò ju ìka ọwọ́ lọ fi wá gba odindi yàrá.

Dáyóòdù ló tú àwọn tó ń ṣe lésà sílẹ̀ lọ́wọ́ lámpù. Dáyóòdù kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní nánómítà 808 ń fún neodymium ní ohun tó ń fẹ́ gan-an, láìfi ohunkóhun ṣòfò lórí àwọ̀ tí kò wúlò. Ibí ni iṣẹ́ àwọn tí à ń sọ ti wá le, torí dáyóòdù kì í dúró lójú kan. Bí ara rẹ̀ bá gbóná sí i ní ìwọ̀n Celsius kan ṣoṣo, àwọ̀ rẹ̀ á sún ní nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá nánómítà. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àfi kéèyàn rántí pé ẹnu ọ̀nà tí neodymium inú YAG ń gbà mu ìmọ́lẹ̀ yẹn kò fẹ̀ ju nánómítà kan sí méjì lọ. Ìwọ̀n márùn-ún Celsius, tó jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín àárọ̀ àti ọ̀sán níbi púpọ̀, ti tó láti sọ lésà tó lágbára di ọ̀lẹ. Nítorí náà, wọ́n á gbé dáyóòdù lé orí àwo tín-ín-rín kan tí iná mànàmáná ń mú tutù tàbí gbóná bí wọ́n bá ti fẹ́, wọ́n á fi ohun tí ń wọn ooru sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn á sì máa ṣọ́ ọ ní gbogbo ìgbà tí iná bá wà lórí.

Kódà bí gbogbo ìyẹn bá lọ geere, ooru kò tán. Ìmọ́lẹ̀ wọlé ní 808, ó jáde ní 1064; agbára tó sì wà nínú ti 1064 kò tó ti 808. Ìyàtọ̀ wọn tó ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún, inú kírísítálì ló sì ń dúró sí bí ooru. Kò sí ọgbọ́n tí ẹ̀dá lè dá sí i. Ohun tó kù ni ká béèrè ibi tí ooru náà máa gbà jáde, ìbéèrè yìí ló sì ń pinnu bí àpótí lésà ṣe máa rí ju ohunkóhun mìíràn lọ. Wọ́n á fi bébà irin rírọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní indium wé kírísítálì náà, wọ́n á fi bàbà gbá a mú típẹ́típẹ́, kí ooru lè rí ọ̀nà gbà lọ sí ìsàlẹ̀ àpótí láìdúró níbì kankan. Síbẹ̀, àárín kírísítálì á máa gbóná ju etí rẹ̀ lọ, ìyàtọ̀ yẹn á sì sọ ọ́ di gíláàsì tí ń ká ìmọ́lẹ̀ jọ. Onímọ̀ tó mọṣẹ́ á ti ṣírò ìkájọ yìí mọ́ dígí tí lésà rẹ̀ máa lò kó tó ra ohunkóhun. Ẹni tí kò bá ṣírò rẹ̀, lésà rẹ̀ á dára ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, á bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kẹwàá.

Dígí náà ní wàhálà tiẹ̀. Lésà nílò dígí méjì tó kọjú síra wọn gbọọrọ. Lórí tábìlì yàrá ìwádìí, ṣúrúù ni wọ́n fi ń tún un ṣe, àmọ́ ẹ̀rọ tó máa gun ọkọ̀ lójú títì oníkòtò kò lè máa dúró de ẹni tó máa yí ṣúrúù. Gọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ ń lò, kì í sì í ṣe gbogbo gọ́ọ̀mù ló ṣeé lò, torí èyí tó bá ń tú èéfín díẹ̀díẹ̀ nínú àpótí títì pa, ojú dígí ni èéfín náà máa lẹ̀ mọ́, lésà á sì jó o níbẹ̀. Mo ka èyí sí apá tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé físíìsì kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ rẹ̀: ìmọ́tótó, gọ́ọ̀mù, àti sùúrù ẹni tó ń tò ó.

Ọ̀nà àbáyọ tó wuyì jù ni èyí tí àwọn onímọ̀ méjì, Zayhowski àti Mooradian, gbé jáde ní 1989 ní Lincoln Laboratory ti MIT. Wọ́n kun dígí méjèèjì mọ́ ojú kírísítálì fúnra rẹ̀, kírísítálì tí kò nípọn tó mílímítà kan. Kò sí ṣúrúù, kò sí gọ́ọ̀mù láàárín, kò sí ohun tó lè yẹ̀. Nítorí pé àyè tó wà láàárín dígí méjèèjì kéré bẹ́ẹ̀, àwọ̀ kan ṣoṣo ló ń ráyè jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kírísítálì kejì mọ́ ọn, Cr:YAG, tó máa ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà títí á fi pọ̀ débi pé kò lè dí i mọ́. Yóò là gbàà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ohun tó ti kó jọ á sì jáde láàárín àkókò tí kò tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá.

Ohun tí oníbàárà fẹ́ fi lésà ṣe ló kàn. Ẹni tó ń yẹ nǹkan wò kò wá agbára, ìdúróṣinṣin ló ń wá. C. V. Raman, ọmọ Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1930, ló fi hàn ní 1928 pé tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sára nǹkan, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń padà wá pẹ̀lú àwọ̀ mìíràn, àyípadà àwọ̀ yẹn sì jẹ́ àmì ìdánimọ̀ ohun tó bọ́ sí. Díẹ̀ náà kéré gan-an, nǹkan bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá. Bí àwọ̀ lésà bá yẹ̀ díẹ̀ lásìkò tí wọ́n ń kà á, ìṣirò dàrú, wọ́n sì lè pe ojúlówó oògùn ní ayédèrú. Àwọ̀ ewé, nánómítà 532, ń mú èsì tó lágbára wá, àmọ́ ọ̀pọ̀ oògùn àti ohun tí wọ́n fi kùn wọ́n máa ń tàn fúnra wọn lábẹ́ rẹ̀, ìtànṣán yẹn á sì bo èsì mọ́lẹ̀. Abájọ tí TruScan fi ń lo nánómítà 785, tó jẹ́ ti dáyóòdù tààrà láìsí kírísítálì. Wọ́n fi agbára èsì sílẹ̀, wọ́n gba mímọ́ rẹ̀.

Ẹni tó ń kọ àmì sára irin ńkọ́? Ìjì ló ń fẹ́. Lésà fáíbà, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń tinú òwú gíláàsì jáde, ló gbòde nídìí iṣẹ́ yìí báyìí. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó jẹ́ wáàtì 20. Tí wọ́n bá gé e sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ìtànṣán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mílíjúùlù kan péré ló wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Àmọ́ bí ìkọ̀ọ̀kan kò bá lò ju ìdá ọgọ́rùn-ún nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lọ, kílówáàtì mẹ́wàá ló ń bọ́ sórí irin láàárín ìgbà kúkúrú yẹn, lójú ibi tín-ín-rín. Awọ irin yọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ di èéfín, ìtànṣán tó tẹ̀ lé e sì ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí dígí kéékèèké méjì tí mọ́tò ń yí ló ń darí rẹ̀ bó ṣe ń kọ̀wé lọ.

Fún ohun èlò iṣẹ́ abẹ, wọn kì í fẹ́ kí lésà gbẹ́ irin rárá, torí ibi tó bá jìn lè máa dípẹtà. Wọ́n á rọra mú irin gbóná títí ojú rẹ̀ á fi dúdú láìní kòtò. Láti 2013 tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ti ṣòfin pé kí ohun èlò ìwòsàn máa ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, iṣẹ́ yìí kò kéré mọ́. Ní ti ike, nánómítà 1064 sábà máa ń jó o. Wọ́n á tún 1064 náà dà nínú kírísítálì mìíràn títí á fi di 355, tó ń pa ike láwọ̀ dà láìjó o.

Ìdánwò tó le jù tí mo mọ̀ fún lésà kékeré, pílánẹ́ẹ̀tì Mars ló ti wáyé. Ọkọ̀ Curiosity tó balẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2012 gbé ẹ̀rọ ChemCam dání. Ilé-iṣẹ́ Thales ní ilẹ̀ Faransé ló ṣe lésà inú rẹ̀. Wọ́n yan kírísítálì Nd:KGW dípò YAG torí ó lè fara da ìyípadà òtútù àti ooru. Lésà náà ń yọ́ ojú òkúta láti ibi tó jìnnà tó mítà méje, awò sì ń ka àwọ̀ iná tó bú jáde láti mọ èròjà inú òkúta. Àyẹ̀wò àti ìkọ̀wé pàdé níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó lè lọ tún un ṣe.

Ibo ni irú àwọn ilé-iṣẹ́ yìí ti ń jáde? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, inú yunifásítì ni. Ẹ wo Vilnius, olú ìlú Lithuania. Ọdún 1966 ni lésà àkọ́kọ́ tàn ní orílẹ̀-èdè kékeré yẹn, nígbà tó ṣì wà lábẹ́ Soviet. Nígbà tí Soviet tú ká, tí owó ìwádìí gbẹ, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. EKSPLA bẹ̀rẹ̀ ní 1992, Light Conversion ní 1994. Lónìí, kárí ayé ni wọ́n ti ń ra lésà wọn. Mo dúró lórí èyí torí pé kì í ṣe owó epo rọ̀bì ló gbé wọn débẹ̀. Ẹ̀ka físíìsì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ láìfi ṣeré ni.

Tí wọ́n bá fo ìgbésẹ̀ kan nínú iṣẹ́ yìí, ojú èèyàn ló ń san án. Tọ́ọ̀ṣì lésà aláwọ̀ ewé tí àwọn olùkọ́ fi ń tọ́ka sí pátákó, lésà onírú kírísítálì yìí náà ni: 808 wọlé, ó di 1064, 532 ló jáde. Ó yẹ kí gíláàsì asẹ́ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí 1064 tẹ̀ lé e jáde. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ibùdó ìwádìí NIST ní Amẹ́ríkà yẹ èyí tí wọ́n rà ní dọ́là 15 wò, wọ́n rí i pé ìmọ́lẹ̀ tí a kò lè fojú rí tó ń tú jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíwáàtì 20, nígbà tí àwọ̀ ewé rẹ̀ ń tàn bàìbàì. Kò sí asẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ tó ń fi lésà kọ orúkọ sára irin àti ohun ẹ̀bùn, iye wáàtì nìkan kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ 1064 náà, kò ṣeé rí, kì í dun ojú kó tó fọ́ ọ, ẹ kò sì ní ṣẹ́jú. Awò aláìláwọ̀ tí wọ́n ń fi ṣọ́ra fún lésà CO2, tó jẹ́ irú mìíràn, kò wúlò fún 1064 rárá. Ẹ wo ara awò tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n kọ 1064 sí i, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tan ẹ̀rọ náà láìwọ̀ ọ́.